Òṣòdì Ojú Sánmà

Ẹ bá mi bẹ ọmọ mi obìnrin. Kò ṣẹ̀ mí o. Oore ló ṣe mí, oore ọ̀hún ló sì ń dùn mí lórúnkún títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ó ní kí n wá kí òun ní Lọ́ńdọ̀nù. Bààlúù tó bá lọ tààrà láti Èkó, bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni. Ọmọ mi ní, "Bàbá mi, mo ti rí èyí tó dínwó." Àṣé ìlà-oòrùn ló dínwó sí! Àríwá ni mò ń lọ, wọ́n kọjú mi síbi tí oòrùn ti ń yọ. A fò mọ́jú, a bà sí ìlú oríta kan tí n kò ní dárúkọ, mo jókòó sórí irin tútù fún wákàtí márùn-ún, kí wọ́n tó tún gbé mi padà síhà ibi tí mo ti ń bọ̀. Ta ló ń ti Ìbàdàn lọ Ọ̀yọ́ tó gba Ìjẹ̀bú?

Ọmọdé kan gba ìgò omi lọ́wọ́ mi níbẹ̀, ó ní omi ò gbọdọ̀ kọjá. Mo kọjá tán, mo bá omi lórí àtẹ. Iye tí wọ́n pè é, mo fi itọ́ ẹnu mi pòǹgbẹ. Ìrìn tí mo rìn dé géètì mi, ká máa pè é ní Ọjà'ba sí Mọ́kọ́lá.

Orí irin yẹn ni ojú mi ti là. Mo bi ará India tó wà lápá ọ̀tún mi, Nairobi ló ń lọ. Tòsì mi ń lọ Manchester. Kò sẹ́ni tó wá kí ìlú náà! Òṣòdì ni! Ará Ìkòròdú sọ̀ kalẹ̀, ará Agége sọ̀ kalẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀, àgbèrò gbowó lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ìlú mẹ́wàá tó bá fẹ́ máa fò tààrà síra wọn, ọ̀nà 45 ni wọ́n máa là. Fi Òṣòdì kan sáàárín, ọ̀nà mẹ́wàá péré ti tó. Ará Èkó mélòó ló ń lọ Guangzhou lónìí tó máa kún bààlúù ńlá? Ṣùgbọ́n kó ogún láti Èkó, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti Accra, ọgbọ̀n láti Nairobi, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ láti ìlú mìíràn, kí gbogbo wọn balẹ̀ ní wákàtí kan náà, bààlúù kún nìyẹn, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì wálẹ̀. Wákàtí ọ̀hún sì lè jẹ́ òru. Ní Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, òfin ń dín bààlúù kù lóru kí aládùúgbò lè sùn. Ní Dubai, òru gan-an lọjà ń tà. Èèyàn mílíọ̀nù 92 ló gba ibẹ̀ lọ́dún 2024.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Bààlúù tí Emirates, iléeṣẹ́ bààlúù Dubai, kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1985, yíyá ni wọ́n yá a lọ́wọ́ àwọn ará Pakistan. Nigeria Airways ti lé ní ọdún 25 lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, gbọ̀ngàn èrò ilẹ̀ òkèèrè ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà sì ti ṣí láti 1979. Lọ́dún 2003, tiwa ti kógbá sílé. Ẹ fi ti Dubai sílẹ̀, ẹ wo Lọmé níbí, tí à ń wọ mọ́tò lọ! Láti 2010 ni iléeṣẹ́ bààlúù ASKY ti ń kó ará Áfíríkà jọ síbẹ̀, tó ń pín wọn káàkiri. Àwa la léèyàn, àwọn ló loríta. Àwa lẹrù.

Lánàá, ọmọ mi tún pè, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní tààrà ni mo fẹ́, èmi fúnra mi ni n ó san àlékún. Ó dárúkọ àlékún náà. Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo ní kó ra ti oríta, kó ṣáà bá mi wá ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.