Ará Allen Lọ Gbafẹ́

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo lò ní London, mi ò rí oorun sùn. Ẹ má tíì dá òtútù lẹ́bi. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni mò ń wá. Ẹ̀yìn Allen Avenue ní Èkó ni wọ́n bí mi sí: báǹkì wà níwájú ilé wa, báǹkì wà lẹ́yìn, kálukú wọn ló sì ní jẹnẹrétọ̀ tó tóbi tó yàrá kan. Ariwo yẹn ni wọ́n fi rẹ̀ mí lẹ́kún. Ní Peckham, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Màá dùbúlẹ̀, etí mi á máa ṣọ́ fíríìjì. Bí fíríìjì náà bá dákẹ́, màá dìde jókòó, màá máa wá tọ́ọ̀ṣì.

Oúnjẹ ò dà mí láàmú. Ohun gbogbo wà ní Rye Lane ní Peckham, títí dé orí búrẹ́dì Agége. Ọmọ Jàmáíkà kan tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èkó, Amos Shackleford, ló sọ búrẹ́dì di oúnjẹ gbogbo ayé níbẹ̀. Àwa náà wá ru búrẹ́dì Agége, a gbé e lọ bá àwọn ọmọ Jàmáíkà ní Peckham. Gbèsè ti tán.

Ọkọ̀ ló fojú mi rí nǹkan. Bọ́ọ̀sì 36 ló ń gbé èèyàn láti Peckham lọ sí Victoria. Kò ní kọ̀ńdọ́, kò sẹ́ni tó ń pe èrò sí i. Ní Allen, o ò tíì dé ibùdókọ̀ tí wàá ti mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ: "Opebi, Maryland, Ọ̀jọ́ta! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Ti London, nọ́ńbà ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀, awakọ̀ dákẹ́, èrò dákẹ́, bí ọkọ̀ tó ń ti ibi ìsìnkú bọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ṣàdédé rí i pé a ti fẹ́ kọjá ibi tí mò ń lọ. Bọ́tìnnì pupa kan wà lára irin tí wọ́n máa ń tẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹnu mi yá ju ọwọ́ mi lọ. "Ó wà o! Ó wà ńbẹ̀ yẹn!" Gbogbo ọkọ̀ parọ́rọ́. Òyìnbó àgbàlagbà kan tẹjú mọ́ bàtà mi. Ni obìnrin kan bá ti òkè ọkọ̀ gbè mí, ohùn Mushin pọ́ńbélé: "Dírẹ́bà, rọra o! Ó lóyún, ó tún pọnmọ!" Èmi tí irùngbọ̀n kún àgbọ̀n mi. Mi ò rí ojú obìnrin náà dòní, ṣùgbọ́n òun lẹni àkọ́kọ́ tó kí mi káàbọ̀ sí London.

Nígbà tí mo wá mọ ọ̀nà tán, Mọ́ńdè ló kù tí mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Níbi iṣẹ́ wa, bí wọ́n bá ti po tíì àárọ̀ Mọ́ńdè tán, wọ́n á máa bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n ṣe ní Sátidé. Nílé, ẹni tó bá bi ọ́ bẹ́ẹ̀ fẹ́ mọ òkú ẹni tí ẹ sin ni, tàbí àwọ̀ aṣọ ẹbí. Àwọn èèyàn yìí ò sìnkú, wọn ò gbéyàwó, síbẹ̀ wọ́n lọ ibì kan. Ọ̀kan lọ wo ààfin tí ọba kankan ò gbé mọ́. Ọ̀kan wọ ọkọ̀ ojú irin fún wákàtí méjì lọ wo afárá. Ó wo afárá, ó padà wálé. Ọ̀rọ̀ náà yé mi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń kọ́ èdè. Mo ti rin Èkó dé Ìlọrin nígbà tí mo wà nílé, kò sí ìkan tí mo lọ tí kò sí kúlà ìrẹsì níbi tí mo dé sí. Nígbà tó kàn mí, mo ní mo fọṣọ. Wọ́n káàánú mi débi pé ẹnì kan fún mi ní bisikíìtì. Ni mo bá pinnu pé èmi náà á máa gbafẹ́.

Stonehenge ni mo fi bẹ̀rẹ̀, èmi àti àǹtí mi kan tí wọ́n ti lo ọdún mọ́kàndínlógún ní Peckham láìkọjá Croydon. Ọmọ Ìdànrè ni wọ́n. Ọkọ̀ gbé wa ní Victoria, ó lé ní wákàtí méjì ká tó dé pápá gbalasa kan ní ìhà Salisbury tí àgùntàn ti ń jẹko. A sanwó ìwọlé. (Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá mọ ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e: mo fi náírà ṣírò ẹ̀ lórí, àyà mi já.) Wọ́n fi okùn yí àwọn òkúta ńlá tí a wá wò ká, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. À ń yí wọn po lókèèrè, bí ẹni tó ń wo mọ́tò tòkunbọ̀ tí kò ní owó ẹ̀ lọ́wọ́.

Àǹtí wo òkúta, wọ́n wo èmi. "Òun náà rèé?"

"Ó ti tó nǹkan bí 4,500 ọdún tí wọ́n ti nà án ró, Àǹtí."

"Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

Mo ní àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí ìyẹn. Mo ní àwọn tó kéré níbẹ̀, Wales ni wọ́n ti kó wọn wá. Pé ọdún 2024 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u fó pé èyí tó dùbúlẹ̀ sáàárín, ìhà àríwá Scotland ló ti wá, ó sì lé ní 700 kìlómítà síbi tí a dúró sí.

"Ta ló rù ú?"

Ẹ wò ó, àwọn kan ń fi ọdún gbáko ka ìwé lórí ìbéèrè tí Àǹtí fi ẹnu kan ṣoṣo bi mí yẹn. Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Àǹtí pòṣé. "Ẹnì kan ru irú èyí láti Scotland, wọn ò mọ orúkọ ẹ̀? Ká ní lọ́dọ̀ wa ni, àwọn àtọmọdọ́mọ ẹ̀ ì bá ṣì máa gbọ́ oríkì ẹ̀ lóde ìnáwó, à bá má rímú mí."

Bẹ́ẹ̀ Àǹtí alára ò gun òkè Ìdànrè rí. Òkè tí àwọn èèyàn wọn gbé lórí ẹ̀ títí di 1923 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sí i lé ní 600, àjèjì sì ń tọ̀nà jíjìn wá gùn ún. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó fà á. "Àwọn bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ ńbẹ̀ o," ni Àǹtí wí. "Kí ni mo tún fẹ́ gùn ún lọ ṣe? Ṣé wọ́n gbàgbé nǹkan síbẹ̀ ni?"

Brighton, ìjọ ló gbé wa lọ. Ní 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì Roehampton ka ìjọ àwọn èèyàn dúdú tó wà ní Southwark tí Peckham wà, wọ́n bá 240. Tèmi wà ní àdúgbò Old Kent Road, ìjọ aláṣọ funfun. Wọ́n ní ọkọ̀ á gbéra láago mẹ́jọ. Aago mẹ́jọ lù, awakọ̀ nìkan ló dé. Aago mẹ́sàn-án, kúlà márùn-ún ti dé, àwọn tó ni wọ́n ò tíì dé. Aago mẹ́wàá kọjá ká tó gba àdúrà ìgbéra, àdúrà náà sì ní abala mẹ́ta.

Àwa tí a mọ Bar Beach kí wọ́n tó kó Eko Atlantic lé e lórí, a mọ ohun tí etí òkun ń jẹ́: yanrìn, ẹṣin tí egungun ìhà ẹ̀ ṣeé kà, bàbá kan nínú sùtánà tó tan àbẹ́là tó ń bá omi sọ̀rọ̀. Ní Brighton, òkun wà, afárá ìgbafẹ́ tí wọ́n ti ṣí láti 1899 nà wọnú omi lọ, yanrìn ni kò sí. Òkúta róbótó róbótó ni, láti ojú títì dé ẹnu omi. Ìjọ wa kì í sì í wọ bàtà tí sùtánà bá ti wà lọ́rùn. Ká rí Wòlíì àgbà, èèyàn gàgàrà, tí wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí adìyẹ tó bọ́ sínú eérú gbígbóná, tí wọ́n ń ké "Mímọ́! Mímọ́!" Àwọn òyìnbó dúró, wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n rò pé ara ìsìn ni.

Ẹyẹ etí òkun Brighton tóbi tó pẹ́pẹ́yẹ, kò sì mọ ìtìjú. Ìyá Ìjọ ṣí kúlà, wọ́n mú itan adìyẹ kan jáde, wọ́n fẹ́ fi lé ìrẹsì mi lórí. A rí itan. A ò rí i mọ́. Nǹkan funfun kan ti gbọ̀nà kọjá, ó ti wà lórí òpó iná. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ rọra dé kúlà padà. "Wòlíì," ni wọ́n wí, "ẹyẹ yìí kì í ṣe lásán. Láàárín gbogbo èèyàn yìí, àwo ọmọ yìí ló mọ̀?" Ni wọ́n bá ní kí n kúnlẹ̀. Odidi ìdajì wákàtí la fi agogo dojú ìjà kọ ẹyẹ, tòun ti itan lẹ́nu ẹ̀. Àfìgbà tí awakọ̀ wá sọ pé iye wákàtí tí òfin fún òun láti wakọ̀ lóòjọ́ ti ń lọ sópin, pé aago márùn-ún lòun ń gbéra, ẹ̀yìn lẹni tó bá ṣẹ́ kù. Òfin ọba ló gbà mí.

Ibi tó wá dójú tì mí ò tiẹ̀ gba ká wọ ọkọ̀ jíjìn. Brook Street ni, ní Mayfair, ilé méjì tó fara kanra. Nọ́ńbà 25, Handel tó kọ Messiah gbébẹ̀ láti 1723 títí ó fi kú ní 1759. Nọ́ńbà 23, Jimi Hendrix gbé òkè ẹ̀ ní 1968 sí 1969. Mo sanwó, mo gòkè, mo dé yàrá Hendrix. Ibùsùn rèé, aṣọ aláràbarà rèé lára ògiri, àwo eérú sìgá rèé. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni kì í ṣe tiẹ̀ gan-an. Fótò ni wọ́n wò, tí wọ́n fi wá irú ẹ̀ kó síbẹ̀. Síbẹ̀, wúyẹ́wúyẹ́ làwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tó dúró tì mí gbọ́ ohùn mi, ó bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Èkó. Ó ní apá ibo? Mo ní Ikeja, ní Allen. Ojú ẹ̀ tàn. "Àdúgbò Fẹlá!" Ó ti lọ sílé Fẹlá rí. Ó bi mí bóyá yàrá Fẹlá lókè níbẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà.

Mo ní ó ṣì wà bẹ́ẹ̀. Mi ò wọ ibẹ̀ rí.

Òpópónà Gbémisọ́lá ni ilé Fẹlá olórin wà, ní nọ́ńbà 7; ibi tí wọ́n ti ń rán mi ra kẹrosíìnì kò jìnnà síbẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà wà láyé, àṣẹ màmá mi ni pé bí a bá dé iwájú ilé yẹn, ká di imú, ká sáré. Ó kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 1997. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú ẹ̀ bọ̀ láti Tafawa Balewa Square, màmá mi ti géètì pa. Mo gun táńkì omi. Orí èèyàn ni mo rí, bí ẹ̀wà tí wọ́n sá sórí ẹní. Ní 2012 wọ́n sọ ilé náà di mùsíọ́mù. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mò ń kọjá lágbègbè ibẹ̀ lọ tún fóònù ṣe ní Computer Village, mo sì máa ń wí fún ara mi pé màá yà bó bá dọ̀la.

Kérésì tó kọjá, mo lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ bàtà ìrìn, mo gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, mo rọ omi sígò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbafẹ́ lórí Allen ní ọ̀sán gangan. Oníkẹ̀kẹ́ kan dúró bi mí bóyá mo ṣìnà ni.

Ibojì Fẹlá wà níwájú ilé. Òyìnbó mẹ́ta ló ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin onírun pupa kan, rí i pé mò ń wò rá-rà-rá, ó sì ṣàánú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Kalakuta, ilé Fẹlá, fún mi: pé ti Gbémisọ́lá yìí kọ́ ni àkọ́kọ́, pé ti Agege Motor Road làwọn sójà dáná sun ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977. Kò ṣi ọdún kankan sọ. Ó ní ṣé ọmọ Èkó ni mí. Mo nawọ́ sí táńkì tí mo gùn nígbà náà, mo ní ilé wa nìyẹn. Ó ní mo ṣoríire o, pé èmi á ti wá tó ìgbà mélòó? Mo ní kó jẹ́ ká gòkè.

Yàrá náà wà bó ṣe wà lóòótọ́: ibùsùn, aṣọ, bàtà aláràbarà lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àti pátá. Pátá tí Fẹlá máa ń wọ̀ gba àlejò nígbà ayé ẹ̀ ni wọ́n kó síta fún aráyé wò. Mo dúró níwájú ẹ̀ pẹ́. Ojúlówó lèyí, kì í ṣe pé wọ́n wá irú ẹ̀.

Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo wọlé. "Níbo lo ti ń bọ̀ látàárọ̀?"

"Ilé Fẹlá ni, mà."

Ọwọ́ wọn dúró. "O wọ bàálù wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ wá sílé, o wá sanwó wọ ilé Fẹlá. Kí lo rí ńbẹ̀?"

Mo ní ibojì, fótò, bàtà, pátá.

"Pátá ta?"

"Ti Fẹlá, mà. Wọ́n kó o síbẹ̀ fún àwọn èèyàn láti wò."

Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo ti fẹ́ wọ yàrá kí wọ́n tó pè mí padà, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé àwọn ará Gbémisọ́lá lè gbọ́.

"Ṣé wọ́n fọ̀ ọ́?"