Níbi Tí Kò Sí NEPA Láti Bú

Ẹni tó bá ti fi plọ́tà gé sítíkà rí ní Ṣómólú, ní Èkó, mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni NEPA máa ń ṣẹ̀ wá. Yóò mú iná lọ nígbà tí abẹ ẹ̀rọ bá wà láàárín lẹ́tà, yóò sì dá a padà kété tá a bá ti ya sítíkà náà dànù tán. Lọ́dún 2005 ni wọ́n sọ ọ́ di PHCN. Nígbà tó di 2013, wọ́n ta èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni. Síbẹ̀, NEPA náà là ń bú, nítorí orúkọ yẹn ló dùn ún fi ṣépè jù.

Chicago ni mo wà báyìí, iná kì í sábà lọ. Bí ìjì bá tiẹ̀ wó igi lu wáyà, ilé iṣẹ́ iná á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù pé ẹ má bínú, aago báyìí ló máa dé. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bú ẹni tó ti bẹ̀bẹ̀? Èyí ló fà á tí ọ̀rọ̀ plọ́tà mi fi fẹ́ẹ̀ sọ mí di wèrè ní oṣù Kìn-ín-ní tó kọjá, tó ń dúró láàárín iṣẹ́ nígbà tí gílóòbù ń tàn yanran lórí mi.

Ìyá àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló fẹ́ pé ẹni 70 ọdún. Màmá wà ní Houston lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ kejì, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò gbé e wá. Àǹtí ní kí n bá òun gé ọ̀rọ̀ ńláńlá tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn, àwọ̀ wúrà, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan: MAMA Ẹ KU ỌJỌ IBI. Mo ní ṣé ká fi àmì ohùn sí i. Ó ní rárá, àwọn ègé kéékèèké yẹn ló máa ń kọ́kọ́ já bọ́ lára ògiri. Ẹni tó bá ti fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ṣa àmì orí lẹ́tà rí kò ní bá a jiyàn.

Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà, plọ́tà bẹ̀rẹ̀. Ó ń fa sítíkà lọ, ó ń fà á bọ̀. Ó gé MAMA. Ó gé Ẹ. Ó gé KU. Ó wá dúró gbọnin bí ewúrẹ́ tí wọ́n fà dé etí odò. Kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ ṣì ń lọ, plọ́tà ò mira.

Ibi tí mo ti ń tẹ bọ́tìnnì kiri ni àǹtí ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá abẹ́ ilé, ó ní òun kàn fẹ́ yọjú wo iṣẹ́ ni. Ó tẹjú mọ́ sítíkà, ó kà á sókè: “Màmá ẹ kú.” Ó tún un kà. Ó wojú mi.

“Bùrọ̀dá, màmá ta ló kú?”

Kí n tó lanu, ó ti ta ìka yí orí rẹ̀ ká, ó ti pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, ó sì ti ń wá nọ́ńbà Houston lórí fóònù. Màmá gbé e. Àmàlà ni màmá ń jẹ lọ́wọ́, inú sì bí i gidi pé wọ́n pe òun láàárín oúnjẹ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Ohùn rẹ̀ le koko. Àǹtí mí kanlẹ̀.

Mo ya ègé yẹn kúrò, mo tún un gé. Ó dúró sí MAM. Mo pa ẹ̀rọ, mo tan án, mo tún bẹ̀rẹ̀, ó dé ỌJỌ, ó dúró. Sítíkà wúrà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí plọ́tà bá dá iṣẹ́ dúró báyìí, kì í rántí ibi tó bá a dé, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ẹ ó padà sí.

Mo bá àwọn tó ta ẹ̀rọ náà fún mi sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní kí n pa ẹ̀rọ kí n tan án. Mo ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n pa kọ̀ǹpútà náà kí n tan án. Mo pa á, bí ọ̀rọ̀ tí à ń bá ara wa sọ ṣe pòórá nìyẹn. Nígbà tí mo padà dé, ẹlòmíràn ló bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní kí n pa á kí n tan án.

Ibẹ̀ ni mi ò ti rí ẹ̀rín rín mọ́. Ká ní Ṣómólú ni ẹ̀rọ ti dúró, mi ò ní pe ẹnikẹ́ni. Ọmọ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù kejì á ti gbọ́ pé ariwo dákẹ́, á yọjú. Bàbá tó ń gé pépà á ní kí wọ́n yàgò fún òun. Ẹnìkan á gbá ẹ̀rọ létí, ẹnìkan á máa sọ ìtàn èyí tí ọ̀gá rẹ̀ ní, ẹni tó ń ta ẹ̀wà á ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó mà ṣe o. Wọ́n lè má rí i ṣe o, ṣùgbọ́n a ó ti jọ tì í ni. Ní tèmi, èmi àti hítà nìkan là ń mí lábẹ́ ilé, yìnyín ti bo fèrèsé dé ìdajì. Aládùúgbò mi kì í ṣe èèyàn burúkú, ó máa ń juwọ́ sí mi látinú mọ́tò rẹ̀. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo pe àbúrò mi tó ṣì wà nídìí iṣẹ́ náà ní Ṣómólú. Ó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. “Bùrọ̀dá, ẹ ní iná tọ̀sán tòru, ẹ tún ń ráhùn?” Ariwo jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ fẹ́ẹ̀ má jẹ́ kí n gbọ́ ìyókù. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tí àwọn oníṣòwò yẹn kò bèèrè: ṣé ibì kan náà ló máa ń dúró sí? Rárá. A jẹ́ pé kì í ṣe fáìlì, nítorí fáìlì tó bá bàjẹ́ máa ń dá ẹ̀rọ dúró síbì kan náà ni. Ṣé iye ìṣẹ́jú kan náà ni? Rárá. A jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń sùn lọ. Windows a máa pa ihò USB tó bá rò pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́, kó lè fi iná pamọ́, àfi bí ẹni pé NEPA ló rán an. Wáyà ńkọ́? Mítà 2 péré ni, USB sì lè gùn tó mítà 5.

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan irin ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó máa ń ta yín?”

Mo fọwọ́ kàn án. Ó ta mí pàá, iná búlúù ṣẹ́ yẹ́ẹ́.

“Ọyẹ́ ni,” ó ní.

Òótọ́ ló sọ. Sítíkà ń fara ha rọ́bà àti irin ní lílọ bíbọ̀, fífara ha yìí sì ń kó iná jọ sí i lára. Ní Èkó, níbi tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń ju ìpín 80 nínú 100 lọ, iná yẹn ń rọra sá lọ kó tó di ńlá. Nínú ilé tí hítà ti ń mú kí afẹ́fẹ́ gbẹ láti oṣù Kọkànlá, kò ríbi sá sí. Yóò kó jọ títí, yóò fò gba ara irin bọ́ sínú wáyà USB, plọ́tà àti kọ̀ǹpútà ò sì ní gbúròó ara wọn mọ́. Nílé, iná tó lọ ló ń bà wá níṣẹ́ jẹ́. Níhìn-ín, iná tí ẹnikẹ́ni ò pè ni, kò sì sí ọ́fíìsì tá a ti lè lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Àbúrò mi ní kí n tú sítíkà sílẹ̀ gbọọrọ láti ara rólù kí n tó gé e, kí n so wáyà láti ara irin plọ́tà mọ́ wáyà ilẹ̀, kí n sì ra ẹ̀rọ tí ń tu ìkùukùu omi sínú yàrá. Kó tó di pé mo rà á, kí n wọ́n omi sílẹ̀ bí àwọn ṣe ń ṣe nígbà ọyẹ́. Lórí kápẹ́ẹ̀tì ńkọ́! Mo kúkú sá aṣọ tútù yí plọ́tà ká, táwẹ̀lì, ìbọ̀sẹ̀, bùbá. Aládùúgbò mi gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá, ó dúró, ó wò ó títí. Ó juwọ́ sí mi.

Plọ́tà gé e tán láìdúró. Àǹtí san owó rẹ̀ pé, ó sì ní òun ò ní wọ abẹ́ ilé mi mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ ọjọ́ ìbí wá nígbà òtútù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ “Happy Birthday”. Bí ẹ̀rọ bá dúró sí “Happy”, kò sẹ́ni tó máa bi wá pé ta ló kú.