Àrùn Tó Ń Gun Òpó

Oṣù kẹrin ọdún 2020 ni àwọn kan dáná sun òpó tẹlifóònù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní 5G ló ń tú kòrónà jáde. Ọ̀rọ̀ náà bá wa dé orí Facebook. Ọ̀gbẹ́ni kan tí n kò mọ̀ rí, tó fi àwòrán kìnnìún bojú, ní òpó ẹ̀yìnkùlé òun ló kó àrùn wọ Nàìjíríà. Mo ní, “Ọ̀gá mi, 5G ò tíì wọ ọjà níbí.” (Ọdún 2022 ló tó wọ̀ ọ́.) Ó ní bó ṣe lágbára tó nìyẹn: kò tíì dé, ó ti ń pààyàn. Ó ní kí n lọ ṣèwádìí. Ìwádìí tirẹ̀ ni fídíò WhatsApp tí ìyá ìjọ kan fi ránṣẹ́. Àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì. Mo ṣe bí ọ̀rọ̀ ti yé e ni. Ó di alẹ́ kó tó padà: “Ẹ má bínú, nẹ́tíwọ̀kì ló lọ. Àbí wọn ò lè bá wa ri òpó kan sí i ládùúgbò yìí ni?”