Bàbá Aládìẹ ti Chicago

Bàbá Aládìẹ ni ká máa pe ọkùnrin inú ìtàn yìí. Èmi tí mo ń kọ ọ́ gan-an ni, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti máa wí pé "mo ṣe é". Ó rọrùn kí n máa na ìka sí òun.

Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i. Nílé ìyá rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú, wọn á da àgò bo adìẹ, ó parí. Nígbà tó wá ra adìẹ Leghorn mẹ́fà sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Chicago, abo márùn-ún àti àkùkọ kan, ọ̀gá ló pe ara rẹ̀. Wọ́n ní adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà; ẹni tó ra adìẹ funfun yìí kò mọ ara rẹ̀ lọ́mọdé.

Oṣù Kìíní ọdún 2019, rédíò kéde pé òtútù ńlá ń bọ̀. Bàbá Aládìẹ fi ọ̀rá àti àkísà dí gbogbo ihò ilé adìẹ. Èyí tí káfíńtà dá sí abẹ́ òrùlé, ó ní àṣìṣe káfíńtà ni.

"Bàbá Táyé, ibo ni wọ́n á ti máa mí?" Ìyàwó rẹ̀ ló bi í. Ó rẹ́rìn-ín.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ara adìẹ gbóná ju tiwa lọ, ó tó 41°C, ìyẹ́ rẹ̀ sì ni aṣọ òtútù rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbẹ, tí atẹ́gùn ò fẹ́ lù ú tààrà, yóò fara da ọ̀gìnnìtìn. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá. Èémí àti imí adìẹ mẹ́fà ń tú omi sínú afẹ́fẹ́ láti alẹ́ mọ́jú. Ihò òkè ló yẹ kó gbà jáde. Bí kò bá ríbi gbà, orí ogbe ni yóò bà sí, ogbe kò sì níyẹ̀ẹ́ lára.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ 30, òtútù já sí −31°C. Ó ṣílẹ̀kùn: òórùn imí ta á lójú, omi ń kán látòkè, ṣóńṣó ogbe àkùkọ sì funfun bí ẹfun. Iná orí àkùkọ tí ẹranko inú àlọ́ ń sá fún ti kú.

Ó gbé aṣọ tó rẹ sínú omi gbígbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra ogbe bí ẹni ń wọ́ra fún ìkókó. Bàbá àgbà kan, aládùúgbò tó dàgbà sóko ní Wisconsin, pariwo látẹ̀yìn ọgbà: má ra á! Ẹran tó ti dì, fífi ọwọ́ ra á ń bà á jẹ́ sí i ni. Bó bá dúdú tó gbẹ, kí wọ́n má gé e; òun ló ń bo ẹran tó wà lábẹ́.

Bàbá àgbà náà wọ ilé adìẹ, ó wo páìpù irin tí wọ́n ń bà lé, ó mi orí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Tirin tún burú, torí ó ń fa ooru kúrò lẹ́sẹ̀ wọn. Ó kan pákó pẹlẹbẹ síbẹ̀, kí wọ́n lè jókòó bo ọmọ ìka wọn.

Mi ò tíì sọ ti súwẹ́tà. Mẹ́fà ni Bàbá Aládìẹ rà fún àwọn adìẹ. Nígbà tó wọ̀ ọ́ fún wọn, ìyẹ́ ò ráyè fẹ̀ kó gba ooru dúró, ọ̀kan tilẹ̀ ṣubú látorí pákó.

Ní ọdún kejì, ó wá Chantecler rà, irú adìẹ tí ọkùnrin ìjọ Àgùdà kan bẹ̀rẹ̀ sí í pilẹ̀ ní Oka, ní Quebec, ní 1907, nítorí òtútù Kánádà. Ogbe rẹ̀ kò ju ẹ̀wà kan lọ. Àkùkọ Leghorn, tí ogbe rẹ̀ ti ku ìdajì, ṣì ń kọ láago mẹ́rin. Ẹni tó ta súwẹ́tà kọ̀, kò gbà á padà. Ọmọlangidi Táyé ló ń wọ ọ̀kan, ihò ìyẹ́ apá rẹ̀ sì bá a mu.