Háà! Kí Ọba Máa Dọ̀bálẹ̀?

Ẹ̀yin ará Òkè-Ogbó, ẹ má pè mí ní olófòófó o. Bíbélì ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Élà ọba Ísírẹ́lì fi ààfin sílẹ̀, ó lọ jókòó sílé ìríjú rẹ̀ ní Tírísà, ó ń mutí àmupara. Ọba o! Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì wà lójú ìjà ní Gíbétónì! Símírì, ọ̀gá ìdajì kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀, wọlé bá a níbẹ̀, ó pa á, ó gorí ìtẹ́. Ọjọ́ 7 péré. Nínú ọjọ́ 7 ọ̀hún náà ló ti ráyè pa gbogbo ìdílé ọ̀gá rẹ̀ run. Nígbà tí Ómírì ọ̀gágun ká a mọ́lé, Símírì fúnra rẹ̀ tiná bọ ààfin, ààfin sì jóná mọ́ ọn. Ṣìọ̀!

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Ọmọ Ọ̀rànmíyàn ni Aláàfin, ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn sì wà lọ́dọ̀ wa ní Ifẹ̀ níbí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹbí ni ìtàn Ọ̀yọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Àlùfáà Samuel Johnson ló kọ ọ́ sínú ìwé, kì í ṣe èmi.

Ní nǹkan bí 1754 ni Gáà di Baṣọ̀run, olórí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì. Wọ́n mú Lábísí pé kó jọba. Gáà pa àwọn ọ̀rẹ́ Lábísí, kò jẹ́ kó fìdí kan ìtẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ 17, ọmọ ọba gbé májèlé jẹ. Ó dá mi lójú pé Gáà jẹun yó lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó kan Awọ́nbíojú. Gáà ní kí Aláàfin máa dọ̀bálẹ̀ kí òun. Ikú Bàbá Yèyé, kó dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè tó yẹ kó wólẹ̀ níwájú rẹ̀! Awọ́nbíojú ní òun ò ṣe. Ọjọ́ 130 ló lò lórí oyè tí wọ́n fi rán an lọ sọ́run. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì yòókù ńkọ́, àwọn àgbà tó ń tún ìlú ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n.

Agbólúajé tó jẹ tẹ̀lé e gbọ́n ní tirẹ̀: ó gba fún Gáà, ó sì pẹ́ lórí oyè títí ó fi ṣe ọdún Bẹbẹ. Àbí ẹ rò pé ó bọ́? Gáà yìí kan náà ló fi dandan lé e pé kó gbógun ti ọba kan nílẹ̀ Pópó, ọ̀rẹ́ Agbólúajé tímọ́tímọ́. Májèlé ni òun náà padà jẹ.