Àgbàlagbà Tó Fọ́ Igi Bí Eegun

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí náà ló ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ojú má bàa tì í jù, "akọ̀wé yìí" la ó máa pè é, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Wembley ló ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì jẹ ọbẹ̀ tí kò ní ohun ẹlẹ́mìí nínú rí, àyàfi ìgbà tí owó bá tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Dókítà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru akọ̀wé yìí, ó ní kó dín ẹran pupa kù.

Ẹni tó bá ń gbé Wembley mọ Ealing Road. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà ló tò lọ rẹrẹ níbẹ̀: aṣọ sari, wúrà, máńgòrò inú páálí, àti fíríìsà gbọọrọ tí oúnjẹ dídì kún inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Gujarat tí òbí wọn gba Ìlà-Oòrùn Áfíríkà wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1972, Idi Amin, ààrẹ Uganda, fún àwọn ará Éṣíà tó wà níbẹ̀ ní 90 ọjọ́ péré kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀, àwọn tó sì wá sí Bìrìtéènì nínú wọn lé ní 25,000. Àǹtí tó ń gbé ilé kejì sí akọ̀wé yìí wà lára wọn. Kampala ni wọ́n bí i sí, ọmọdé ni nígbà tí wọ́n dé.

Àǹtí kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kì í jẹ ẹyin. Ọmọlẹ́yìn Swaminarayan ni, ìjọ tó ṣí tẹ́ńpìlì ńlá olókúta funfun ní Neasden lọ́dún 1995, nítorí náà kì í jẹ àlùbọ́sà àti ááyù pẹ̀lú. Ẹ fi àlùbọ́sà yẹn sọ́kàn.

"Ọmọ mi, kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù?" ni Àǹtí wí nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà. "Lọ ra soya chaap àti paratha. Kíá lo máa sè é tán."

Ó yẹ kí akọ̀wé yìí béèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò béèrè. Ká ní ó béèrè ni, ìdáhùn rèé. Bí wọ́n bá ti fún òróró inú ẹ̀wà sóyà tán, ìyẹ̀fun tó kù máa ń ní purotéènì gan-an, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1970, ilé-iṣẹ́ Archer Daniels Midland fi ẹ̀rọ ooru ti irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ gba ihò tóóró, ó wú, ó sì ya fọ́nrán-fọ́nrán bí ẹran. Àwọn ará Íńdíà sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́. Chaap yàtọ̀ díẹ̀: wọ́n á po sóyà mọ́ fùláwà, wọ́n á wé e mọ́ igi pẹlẹbẹ irú èyí tó máa ń wà nídìí áísìkirìmù, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sì yan án. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń tà á lẹ́bàá títì ní Delhi. Èyí tó wà nínú fíríìsà ní Ealing Road, wọ́n ti bọ̀ ọ́ tán, igi rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ digbí.

Paratha ni akọ̀wé yìí kọ́kọ́ bà jẹ́. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n fi ọ̀rá ká ní ìpele-ìpele, láìtíì yan án ni wọ́n sì máa ń mú un dì. Kò nílò láti yọ́ kí a tó yan án: láti inú fíríìsà, ó di inú páànù gbígbóná tí kò ní òróró. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn páálí. Akọ̀wé yìí kò ka ẹ̀yìn páálí. Bí wọ́n ṣe ń yọ́ ẹja òkú Èkó nílé bàbá rẹ̀ ló mọ̀, ó bá kó gbogbo paratha sínú abọ́ omi, ó lọ wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tó dé, ọ̀kan ṣoṣo ló kù, ó tóbi, ó ń lẹ̀ mọ́wọ́, ọ̀rá nílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi là wọ́n láàárín sì ti bá a pò. Ó ṣa èyí tó lè ṣa, ó dín ìyókù nínú òróró. Ó jáde bí púfúpúfù tí ọkọ̀ gùn kọjá. Ẹ̀rọ tí ń kígbe bí èéfín bá rú kígbe títí ìyàwó rẹ̀ fi gun àga lọ yọ bátìrì.

Ó kan ọbẹ̀. Àmì rìbìtì aláwọ̀ ewé kan wà lára páálí chaap. Ìjọba Íńdíà ló pọn ọn dandan, kí ẹni tí kì í jẹ ẹran lè dá oúnjẹ rẹ̀ mọ̀. Akọ̀wé yìí ní ó túmọ̀ sí pé kò ta, ó bá fi ata rodo kún ata tó ti wà nínú ọbẹ̀. Ó gé àlùbọ́sà, ó da máàgí adìyẹ sí i, ó da irú sí i. Ó tọ́ ọ wò, ó ní nǹkan kan ṣì kù, ló bá bu edé lílọ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan gbáko. Nínú gbogbo ohun tó kó síbẹ̀, ata àti irú nìkan ni kò jẹ̀bi: èso igi ni irú, kódà sóyà gan-an ni àwọn kan fi ń ṣe irú nílé báyìí.

Lẹ́yìn náà ló pe Àǹtí wá jẹun, láti dúpẹ́ ìmọ̀ràn.

Àǹtí jókòó. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan nígbà tí akọ̀wé yìí gbé chaap kan sẹ́nu, ó jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, ó wá kọjú sí eegun. Ẹni tó bá mọ ọkùnrin yìí mọ̀ pé kì í fi eegun sílẹ̀. Ó fi eyín ẹ̀yìn fọ́ ọ, ó fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó tún un fọ́.

"Ọmọ mi," ni Àǹtí wí jẹ́jẹ́, "igi nìyẹn."

Ó tu ú sílẹ̀. Èyí tó há sáàárín eyín rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àǹtí tún fa imú. "Kí ló ń rùn bí etí òkun yìí?"

"Edé ni, Àǹtí," ni akọ̀wé yìí fèsì tìdùnnú-tìdùnnú. "Ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí i rárá. A ti lọ̀ ọ́."

Àǹtí ti abọ́ sẹ́yìn díẹ̀, ó wo dòdò tó wà lórí tábìlì, ó béèrè òróró tí wọ́n fi dín in. Akọ̀wé yìí rántí ẹja àná. Ó dákẹ́. Àǹtí mu omi.

Kò bínú, ẹ̀rín ló ń rín. Lọ́jọ́ kejì ó gbé páànù tirẹ̀ wá. Ó yọ igi kúrò nínú chaap kó tó gé e, ó fi yógọ́ọ̀tì àti atalẹ̀ rẹ ẹ́, ó yan án títí etí rẹ̀ fi dúdú. Hing ló fi rọ́pò àlùbọ́sà, oje gbígbẹ kan láti ara ewéko, tó ń rùn kíkan kó tó kan òróró gbígbóná, tó sì ń ta sánsán lẹ́yìn náà. Ó sọ paratha tó dì gbagidi sínú páànù, ó ń fi aṣọ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi wú. Akọ̀wé yìí jẹ mẹ́rin, kò sì béèrè ẹran.

Ìkòkò Àǹtí ti wà nílé náà báyìí, ìkòkò tí edé kò gbọdọ̀ dé. Ìyàwó akọ̀wé yìí kọ "KÒ SÍ ẸRAN" sára ọmọrí rẹ̀ gàdàgbà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, wọ́n bá àbíkẹ́yìn wọn nídìí sítóòfù, ó ń fi ìkòkò náà se indomie aládìyẹ.