Àlàyé Kíkún lórí Bí A Ti Ń Mọ̀nà Lójú Ọ̀run láti Ṣógúnlé

Àbá tí a gbé kalẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń kọ́ ìràwọ̀ wíwò ní Ṣógúnlé kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àríwá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó ti ń bẹ̀rẹ̀, nídìí Polaris, ìràwọ̀ tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Ìlú wọn ló fún wọn láyè: ní London, Polaris ga tó dígírì 51. Tiwa kò ju 6 ààbọ̀ lọ. Na apá rẹ tán, kí o di ìkúùkù. Ìkúùkù yẹn tó nǹkan bíi dígírì 10, Polaris kò sì ga tó o. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò ti bo Polaris pátápátá.

Àárín ọ̀run ni tiwa. Láàárín oṣù Kejìlá, bí ọyẹ́ bá gbà, gun orí dẹ́kìn ní agogo mẹ́wàá alẹ́, kẹ́yìn sí pápákọ̀ òfurufú, kọjú sí ìlà oòrùn. Ìràwọ̀ mẹ́ta á wà níbẹ̀ tó tò léra wọn, tí ti ìsàlẹ̀ yà díẹ̀ sápá ọ̀tún. Bẹ́líìtì Orion nìyẹn. Betelgeuse wà lápá òsì, ó pọ́n bí ẹyin iná. Rigel wà lápá ọ̀tún, ó funfun, ó sì ní àwọ̀ búlúù díẹ̀. Tọ ìlà àwọn mẹ́ta yìí lọ sókè, wàá kan Aldebaran, lẹ́yìn rẹ̀ Pleiades tó ṣù pọ̀. Tọ̀ ọ́ wá sísàlẹ̀, wàá bá Sirius, tí ìràwọ̀ kankan kò mọ́lẹ̀ tó lóru.

Ẹnìkan lè ṣàtakò pé iná Ọ̀ṣọ́dì pọ̀ jù. Pleiades nìkan ni àtakò yìí bá mu. Òun ló ń dúró de ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Àwọn yòókù borí iná ìlú. Ṣùgbọ́n fún ojú rẹ ní ìdajì wákàtí nínú òkùnkùn, kí o sì so ọ̀rá pupa mọ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ.

Ìwọ̀ oòrùn ló ṣòro, nítorí bàálù. Bí Àgùàlà bá yọ lọ́wọ́ alẹ́, dúró níbi tí wàá ti rí i létí táǹkì omi, kí o rọra ka oókan dé ọgọ́ta. Bàálù á ti sún kúrò; Àgùàlà á ṣì wà níbẹ̀.

Lálaalẹ́ ni ìràwọ̀ ń fi ìṣẹ́jú 4 yá ju ti àná lọ. Nítorí náà, ní oṣù Karùn-ún, Orion á ti wọ̀ kí agogo mẹ́wàá tó lù. Kọjú sí gúúsù nígbà náà, lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ ojú ọ̀run. Ìràwọ̀ mẹ́rin tó ṣe àgbélébùú á dúró níwọ̀n ìkúùkù méjì àti díẹ̀ sókè ilẹ̀. Lápá òsì rẹ̀ ni Alpha Centauri wà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lò ju ọdún 4 lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ará London kò lè rí i láti ilé rẹ̀, bó ti wù kí ojú ọ̀run mọ́ tó.